Báwo ni mo ṣe lè tan kọ̀ǹpútà ilé láti ọ̀nà jíjìn?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi wà nílé ní Ìbàdàn. Mo ti tan Wake-on-LAN (ohun tó ń jẹ́ kí àmì tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé tan kọ̀ǹpútà tí a ti pa) nínú BIOS (ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí a bá tan kọ̀ǹpútà), mo ti pa Fast Startup (ètò tó ń mú kó tètè tàn) inú Windows, mo sì ti ṣí pọ́ọ̀tù UDP 9, ẹnu ọ̀nà tí àmì náà ń gbà wọlé, lórí ráútà. Bí mo bá fi àmì náà ránṣẹ́ láti inú ilé, kíá ló ń tàn. Láti Èkó, àfi bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀, kì í dáhùn mọ́, bẹ́ẹ̀ iná kò lọ, nítorí sólà ló ń gbé gbogbo wọn. Ó jọ pé ńṣe ni ráútà ń gbàgbé ibi tí kọ̀ǹpútà náà wà. Ṣé ó pọn dandan kí n ra Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré kan) tí yóò máa wà ní títàn nílé láti máa tan kọ̀ǹpútà mi? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.