Màmá fẹsẹ̀ rọ́ ní Manchester, ọjọ́ 16 ló kù kí wọ́n wọ bàálù padà sí Iléṣà

Ọmọ Obòkun (Iléṣà)

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa, ẹni ọdún 67, lọ wẹ ọmọ fún àbúrò mi obìnrin ní Manchester. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ṣìṣẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn nínú ilé, ẹsẹ̀ òsì sì rọ́ sínú. Kókósẹ̀ tòde wú, ó sì ti dúdú títí dé ẹ̀bá àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n lè fi tẹlẹ̀, àmọ́ wọ́n ń tiro. Wọn ò tíì ya x-ray, wọ́n ní owó ilé ìwòsàn òyìnbó á pa àbúrò mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni lisinopril.

Wọn ò fẹ́ sinmi. Wọ́n ní ṣé torí kí àwọn lè jókòó ni àwọn ṣe wọ bàálù ni? Wọ́n ń pọn ọmọ gòkè sọ̀kalẹ̀. Bó bá di alẹ́, wọ́n á gbé omi gbígbóná, wọ́n á fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá x-ray pọn dandan, bóyá omi gbígbóná yẹn dára, àti bóyá wọ́n á lè wọ bàálù bí ọjọ́ bá pé. Ọ̀nà méjì ni ìrìn àjò náà pín sí, wọ́n á sọ̀ lágbedeméjì kí wọ́n tó wọ òmíràn tó ń bọ̀ ní Èkó.

Físíò Ifẹ̀

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá eegun ló ṣẹ́ tàbí iṣan ló ya. Ọ̀nà kan wà tí àwọn dókítà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, Ottawa ní Kánádà ló ti jáde ní 1992, ó sì rọrùn. Kí àbúrò yín fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀ tòde, láti ṣóńṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 6. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí kókósẹ̀ tinú. Kó wá tẹ eegun tó yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ lápá ibi ọmọ ìka tó kéré jù, ní agbede méjì gìgísẹ̀ sí ìka náà. Ẹ̀kẹrin ni eegun tó wà lápá inú, lókè ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti kọ ilẹ̀.

Eegun ni kó tẹ̀ o. Ibi rírọ̀ tó wà níwájú kókósẹ̀ tòde á dùn wọ́n dandan, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣan tó máa ń ya wà. Bí ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin yẹn bá mú wọn ké, tàbí tí wọn ò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n lọ ya x-ray. Títiro náà, ìṣísẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni ọdún 67 tí eegun rẹ̀ lè ti fúyẹ́, èmi ò ní bá wọn jiyàn púpọ̀: bí ìfura bá wà díẹ̀, kí wọ́n ya á. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó kú tipiri tàbí tó funfun, kí wọ́n má dúró wo ohunkóhun mọ́.

Ní ti ìtọ́jú, yìnyín ló kàn, kì í ṣe iná. Àpò ewébẹ̀ inú fìríìsà máa ń bá ẹsẹ̀ mu ju yìnyín gbagidi lọ. Kí wọ́n fi aṣọ ìnura tó tutù díẹ̀ wé e, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Yìnyín lórí awọ lásán máa ń jó ara bí iná.

Báńdéèjì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.5 ni kí wọ́n rà. Ìdí ọmọ ìka ni wíwé ti ń bẹ̀rẹ̀, kó gba abẹ́ gìgísẹ̀ kọjá, kó dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lókè kókósẹ̀, kí wíwé kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ nísàlẹ̀, kó máa dẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fún un mọ́ kókósẹ̀ nìkan: gbogbo omi á sọ̀ sí orí ẹsẹ̀, á wú bí àkàrà. Kí wọ́n fọwọ́ tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kí wọ́n tú ọwọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá padà síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó le jù. Kí wọ́n tú u bí wọ́n bá fẹ́ sùn.

Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju àyà lọ. Gbígbé e lé àpótí nígbà tí wọ́n jókòó kò tó. Kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga gígùn, kí wọ́n fi ìrọ̀rí mẹ́ta tì í lábẹ́, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Lisinopril yẹn ṣe pàtàkì. Kí wọ́n má lo oògùn ìrora bíi ibuprofen tàbí diclofenac láìjẹ́ pé dókítà tàbí apòògùn fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ lisinopril, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá bí oògùn kejì bá jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀. Ó tún máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Paracetamol 500 mg, hóró méjì, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin ó kéré tán láàárín méjì. Bí wọn ò bá wúwo tó kílò 50, kí wọ́n bi apòògùn, torí tiwọn á dín. Kí wọ́n ṣọ́ oògùn òtútù tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná mu lọ́hùn-ún, paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ìsinmi kì í ṣe kí ẹsẹ̀ dá gọ́ọ́. Ní gbogbo wákàtí tí wọn ò bá sùn, kí wọ́n na orí ẹsẹ̀ sókè, kí wọ́n dà á sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kí wọ́n fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ a, b, d sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí wọ́n má yí i sínú pẹ̀lú agbára fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá ti lè dúró láìsí ìrora, kí wọ́n di ẹnu síńkì mú, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa dá dúró lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan, ọwọ́ nítòsí ògiri, títí á fi pé ìṣẹ́jú àáyá 30. Àwọn ènìyàn máa ń fo apá yìí, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ kan náà fi ń rọ́ lọ́dọọdún: iṣan yẹn ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà, bó bá ti ya, àfi kí a tún un kọ́.

Ọ̀pá ìtilẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni o, nítorí ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sílẹ̀, orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń ṣáájú gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dunni ló ń ṣáájú sọ̀kalẹ̀. Sílípáàsì, kí wọ́n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàtà olókùn ni kí wọ́n wọ̀ nínú ilé. A mọ̀ pé ọmọ òṣómàáló ni Màmá, ṣùgbọ́n lílóṣòó gan-an ni kókósẹ̀ yẹn ò fẹ́ báyìí.

Ìyá Ẹlẹ́yẹlé

Físíò, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n omi gbígbóná àti òrí kọ́ ló máa pa Màmá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń fi wọ́ ẹsẹ̀.

Físíò Ifẹ̀

Ìyá wa, kì í pa ènìyàn, ó kàn ń dá ìwòsàn dúró ni. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń sun nínú ibi tó ya; iná máa ń la ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, wíwọ́ sì ń fa ohun tó fẹ́ dì ya. Ó lè wà lára ohun tó mú kí dúdú yẹn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti bí ọjọ́ keje, bí wíwú bá ti ń lọ sílẹ̀, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Òrí náà, kí wọ́n fi pa ara, kí ọwọ́ rọra máa ti ìka ẹsẹ̀ gòkè sí orúnkún. Ohun tí mo kọ̀ pátápátá ni kí wọ́n délé kí ẹnì kan gbé wọn lọ bá teguntegun kó fa ẹsẹ̀ náà, nígbà tí eegun kankan ò yẹ̀.

Arìnrìn-àjò Ifẹ̀

Ẹ̀rù owó yẹn, ẹ bá Màmá mú un kúrò. Ní England, ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe ní A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn) tàbí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìfarapa kéékèèké, ọ̀fẹ́ ni, àlejò tó fi físà ìbẹ̀wò wọlé pẹ̀lú, x-ray tí wọ́n bá yà níbẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Owó ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá gbà wọ́n sórí ibùsùn, tàbí bí wọ́n bá ní kí wọ́n padà wá rí dókítà eegun tàbí físíò lọ́jọ́ mìíràn. Ìlọ́po kan àbọ̀ iye rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ àlejò. Kí àbúrò yín tẹ 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera lọ́hùn-ún, wọ́n á sọ ibi tó sún mọ́ wọn jù. Bí Màmá bá ní ìnsọ́ránsì ìrìn àjò, kí wọ́n pè wọ́n kí wọ́n tó náwó, kí wọ́n sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Ní ti bàálù, bí kò bá sí eegun tó ṣẹ́, wọ́n lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá di POP (sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́) fún wọn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù máa ń fẹ́ kó ti pé wákàtí 48 kí wọ́n tó gbé ẹni náà ní ìrìn tó ju wákàtí méjì lọ, torí ẹsẹ̀ lè wú nínú POP lójú òfuurufú.

Wheelchair, kí wọ́n béèrè rẹ̀ ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wò: WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn bàálù àmọ́ tí kò lè rìn jìnnà, WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. WCHS ni kí wọ́n gbà fún Màmá. Kí wọ́n rí i pé ó wà lórí ìrìn kìíní àti ìkejì, torí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bàálù ni wọ́n ti sábà máa ń já a sílẹ̀.

Àga tí ọ̀nà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ni kí wọ́n yàn, kí ẹsẹ̀ òsì lè nà, kí wọ́n sì fà á wọlé bí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ bá ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, wọn ò ní gbà wọ́n níbẹ̀. Kí wọ́n tú okùn bàtà díẹ̀ àmọ́ kí wọ́n má bọ́ ọ, bó bá wú tán kò ní wọlé mọ́. Ẹni tó ju 60 lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ farapa, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀: kí wọ́n mu omi, kí wọ́n máa mi orí ẹsẹ̀ ní gbogbo ìdajì wákàtí, kí wọ́n dìde. Bí ẹ̀yìn ojúgun kan bá wú ju ìkejì lọ, tó gbóná, tó ń dùn, dókítà lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ń há wọn, kí wọ́n pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì England.

Láti Èkó wá sí Iléṣà, kí wọ́n dá àga ẹ̀yìn ọkọ̀ gbà, ẹsẹ̀ lórí àga, kí wọ́n sọ̀ lẹ́ẹ̀mejì rìn díẹ̀, ọ̀kan ní Ìbàdàn. Kí wọ́n mú ìwé x-ray dání; ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tàbí ilé ìwòsàn ńlá OAU ní Ifẹ̀ á béèrè rẹ̀.

Ọmọ Obòkun (Iléṣà)

Ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò mi tẹ eegun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kókósẹ̀ tòde dùn wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ń lọ ya x-ray lọ́la. Màmá gbà láti fi omi gbígbóná sílẹ̀. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ta ni yóò wẹ ọmọ?

Ìyá Ẹlẹ́yẹlé

Àwọn náà ni, kí wọ́n kàn má jókòó sórí àpótí. Títẹ́ ọmọ sórí ojúgun kò fi bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ lára, dídìde láti ilẹ̀ ni ogun, gbogbo ara ló ń gbà orí kókósẹ̀ kọjá. Kí wọ́n gbé baàfù sórí tábìlì oúnjẹ, kí wọ́n jókòó sórí àga tí kò ní táyà, tí itan wọn á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ òsì lórí àga kejì. Àbúrò yín ni yóò máa gbé ọmọ wá, òun ni yóò máa gbé e lọ, kí ìyá àgbà má gbé e rìn lórí àtẹ̀gùn rárá. Pípọ̀n náà, ó di ìgbà tí wọ́n bá lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ òsì bí Físíò ṣe wí, torí ẹni tó pọnmọ kì í rí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ife ni kí wọ́n fi bu omi sínú baàfù lórí tábìlì níbẹ̀, tútù kó kọ́kọ́ wọlé kí gbígbóná tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó. Ife náà ni kí wọ́n fi gbọ́n ọn dànù. Baàfù tó kún fún omi, kí ẹnikẹ́ni má gbé e.