Òfin èéfín ọkọ̀ dé ìlú yín: kí ló sọ iṣẹ́ yín dà?

Awakọ̀ Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Minicab, ìyẹn takisí tí oníbàárà ń pè kó tó wọ̀ ọ́, ni mò ń wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ULEZ, òfin tó ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ elééfín púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àárín ìgboro nìkan ló mọ: ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ ń san pọ́n-ùn 12.50 lójúmọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 ó dé South Circular, títì ńlá tó gba gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ó ká èmi àti ọkọ̀ mi mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ti bọ́ sínú rẹ̀.

Owó yẹn dùn mí, àmọ́ òfin láísẹ́nsì ló mú mi pinnu. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2023, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba láísẹ́nsì minicab fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lè rìn láìtú èéfín. Wọ́n ti kéde rẹ̀ tipẹ́ kó tó dé, a sì ráyè tọ́jú owó. Mo ra ọkọ̀ oníná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, kò sí bí mo ṣe lè fa wáyà láti inú ilé wá bá ọkọ̀ ní títì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa rí. Òpó iná ojú títì ló gbà wá. Nígbà tí àwọn káńsù yí gílóòbù àtijọ́ padà sí LED tí kì í jẹ iná púpọ̀, iná tí òpó kọ̀ọ̀kan ń jẹ dínkù, agbára wá ṣẹ́ kù nínú wáyà abẹ́ ilẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá ki ṣájà kékeré bọ inú òpó. Ilé-iṣẹ́ ubitricity, tó ti Berlin wá, wà lára wọn. Lọ́dún 2020, òun àti Siemens sọ àwọn òpó iná Sutherland Avenue ní Westminster di ibi tí a ti ń ṣáàjì ọkọ̀.

Lálẹ́, màá fa okùn ṣájà jáde nínú búùtù, màá ki í bọ ihò tó wà lára òpó, iná kékeré á yí àwọ̀, èmi á gun òkè lọ sùn. Kò yára, àmọ́ mo ní gbogbo òru. Ta ni ì bá wo òpó iná kó rí ilé epo nínú rẹ̀, bí kì í bá ṣe òfin tó lé wa débẹ̀? Ohun tó ń bí mi nínú kò ju èyí lọ: nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, VAT (owó orí ọjà) lórí iná inú ilé jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ìta gbangba jẹ́ ìdá 20. Ẹni tó ní gáréèjì ń san kékeré, àwa tá a wà ní fúláàtì ń san ńlá. Kò bójú mu rárá.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Zémìjàn, ọ̀kadà tiwa, ni mò ń gùn ní Kútọnu. Ní tiwa, kì í ṣe òfin èéfín ló kàn wá, Àbújá lọ̀rọ̀ ti wá. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, kpayo tí wọ́n ń tà fún wa nínú ìgò lẹ́bàá títì gbówó lórí lójijì, torí epo Nàìjíríà ni. Alùpùpù bátìrì tí a ti ń wò tìfura-tìfura, a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye rẹ̀, èmi náà sì ra ọ̀kan.

Bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, mo yà sí ibùdó tí a ti ń pààrọ̀ bátìrì, mo ṣí àga, mo fa bátìrì yọ. Ó wúwo díẹ̀. Mo fi í sí àyè tó ṣófo, mo gbé èyí tó ti kún, bí ẹni gbé ìgò òfìfo lọ fún oní-kóòkì. Kò gba àkókò.

Àmọ́ alùpùpù ni tèmi, bátìrì kì í ṣe tèmi. Ilé-iṣẹ́ tí mo rà á lọ́wọ́ wọn lè ti alùpùpù pa láti ọ́fíìsì bí mo bá jẹ wọ́n lówó. Bí kpayo bá wọ́n, mo ṣì lè ra ìdajì ìgò. Èmi fẹ́ kí òfin wà pé bátìrì ilé-iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ lè wọ alùpùpù ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún bátìrì ṣe nígboro á ráyè wọlé.

Ìyá Tíwà, Ọ̀jọ́dù

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tó ń to alùpùpù bátìrì ní Èkó. Nígbà tí wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kejì ọdún 2020, òfin náà kò bi ọ̀kadà bóyá epo ló ń mu tàbí iná. Ibi tí oníbàárà wọn pọ̀ sí gan-an ló kàn. Mo mọ̀ pé jàǹbá ọ̀kadà pọ̀, mi ò jiyàn ìyẹn. Ìbàdàn ni àbúrò mi ń gbé báyìí.

Mẹkáníìkì Mushin

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Tíwà. Mẹkáníìkì bẹntiróòlù ni mí láti kékeré. Lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo lọ, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò CNG (gáàsì abẹ́ ilẹ̀ tí a fún pọ̀ sínú sìlíńdà) kalẹ̀, wọ́n ń yí ọkọ̀ èrò padà sí gáàsì, mo sì lọ kọ́ ọ. Iṣẹ́ tuntun ni pátápátá. Agbára tí gáàsì fi ń ti ara sìlíńdà yẹn tó 200 bar, ó pọ̀ gan-an. Bó ṣe ń jáde, tí agbára rẹ̀ ń já wálẹ̀, òtútù rẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ dì, nítorí náà a máa ń fa omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì gba ara ẹ̀rọ tó ń dín agbára gáàsì kù. Iwájú awakọ̀ ni bọ́tìnnì wà tó fi ń yàn láàárín epo àti gáàsì.

Oníbàárà kan gbé sìlíńdà gáàsì ìdáná wá pé kí n bá òun dè é mọ́ búùtù, ó dínwó. Mo ní rárá, ó bínú lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sìlíńdà ọkọ̀ kan bú gbàù ní ilé gáàsì ní Benin City, àwọn aláṣẹ ètò CNG sì ní ayédèrú ni, wọ́n jó o ní wẹ́ẹ̀dì. Òfin tó bá sáré mú èèyàn wọ iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ sáré kọ́ wọn pẹ̀lú. Ilé gáàsì ṣì kéré ní Èkó, ìlà sì gùn.

Èéfín CNG kéré sí ti bẹntiróòlù, àmọ́ gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ṣì ni. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ oníná ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àtúnṣe bátìrì lithium ní Èkó, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń béèrè, mo sì fẹ́ bá wọn jókòó kọ́ ọ.