Ìwé tí àwọn ọmọbìnrin mi lè bá jiyàn ni mo ń rà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin òbí. Mo ti ka ohun tí àwọn tí wọ́n ṣáájú mi kọ síbí nípa ìwé tí wọ́n ń rà fún àwọn ọmọbìnrin wọn, mo sì rí i pé ìwé tí yóò kọ́ ọmọbìnrin ní ìwà ni ọ̀pọ̀ yín ń wá. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méje, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Sùúrùlérè ni à ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ìwé kíkà wa kì í bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí mo bá bọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá Èkó, tí a ti jẹun alẹ́ tán, tí bàbá wọn sì ti gbé láńtánì tí à ń ṣáájì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ìwé tí a bá kà ní irú àkókò yẹn gbọ́dọ̀ ní ohun tí ọmọ lè fi ẹnu sí. Bí kò bá ní in, ẹni tí ó rẹ̀ jù nínú yàrá náà ni yóò kọ́kọ́ sùn, èmi sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mẹ́nu kúrò lórí àwọn tí n kò fẹ́ràn. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kún ìsọ̀ àwọn onítàwé, tí ìtàn inú wọn kò yàtọ̀ síra: ọmọbìnrin kan kò gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, aburú bá a, ó sunkún, ó túúbá, ìwé parí. Ojú ewé tí ó kẹ́yìn yóò wá to ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni pé ọmọ tí ó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ kò ní ọpọlọ tí yóò fi rò ó fúnra rẹ̀. Nínú irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀, bí ọmọkùnrin bá ṣàìgbọràn, ó lè rí ìṣúra he nínú igbó. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ìyà ni yóò jẹ. Àwọn ìwé òkìrìkà tí mo máa ń ṣà ní Yaba sàn díẹ̀, nítorí àwòrán wọn dára, bébà wọn kì í sì í tètè ya. Ṣùgbọ́n ọmọ ọba tí ó sùn lọ fọnfọn títí ọkùnrin kan fi wá jí i kò wọ àwọn tèmi lójú. Àbúrò béèrè ohun tí ó dé tí ìyá ọmọ ọba náà kò fi bu omi tútù wọ́n ọn lójú. N kò rí èsì fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra ìmọ̀ràn o. Aláwìíyé, ìwé kíkà Yorùbá tí J. F. Ọdúnjọ kọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, kún fún ìmọ̀ràn, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí a kì í gbé sílẹ̀. Ohun tí ó yọ ọ́ ni pé akéwì ni bàbá náà: gbólóhùn rẹ̀ ń dún létí, ó sì ń tètè wọnú ọmọ. Àwọn ọmọ mi ti ń fi ewì rẹ̀ pàtẹ́wọ́ ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n tó lóye ìdajì rẹ̀, àbúrò tilẹ̀ ti ki orúkọ ara rẹ̀ bọ inú ọ̀kan. Ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ wa, màmá mi ni ó fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó nígbà tí èmi fúnra mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìwé Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni ó ń fún mi ní wàhálà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo rà ni kò ní àmì ohùn kankan, tí ẹni tí ó ń kà á sókè yóò fi máa dúró láàárín gbólóhùn, tí yóò padà sẹ́yìn, tí yóò tún un kà, kí ó tó mọ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Nígbà tí ó bá sì fi máa mọ̀ ọ́n, ọmọ ti ń fi ẹsẹ̀ ta ògiri. Wọ́n tún máa ń yọ orin kúrò nínú àlọ́, tàbí kí wọ́n tẹ orin náà láìfi ègbè hàn. Àlọ́ Ìjàpá tí kò ní ègbè, kí ni kí ọmọ fi ṣe? Èmi a máa fi bírò kọ ègbè tí mo bá rántí sí etí ìwé. Bí n kò bá rántí, mo máa ń pe màmá mi lórí fóònù, a ó sì fi gbogbo ilé ṣe orin.

Ìtàn Olúrónbí ni ó jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń wá gan-an. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n: àwọn obìnrin ìlú tọ Ìrókò lọ, oníkálukú fi ẹran ọ̀sìn jẹ́jẹ̀ẹ́, Olúrónbí sì fi ọmọ tirẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́. Ìwé tí a ní parí ọ̀rọ̀ náà síbi pé kí ènìyàn má ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò lè san. Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ tí a kà á, ó jókòó sórí àga, ó ń tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde jókòó lórí ibùsùn, ó ní, “Mọ́mì, ta ni ó bi ọmọ náà léèrè?”

Màmá mi dá a lóhùn pé, “Ọmọdé ni, kí ni wọ́n fẹ́ bi í?”

Ọmọ náà yí sí i. “Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà máa ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni ẹ fi jẹ́jẹ̀ẹ́? Ṣé kì í ṣe èmi?”

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Owó ni o, ọkọ mi. Mo sì ti san án.” Kò tí ì tẹ́ ọmọ lọ́rùn. Ó tú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn wá pé orúkọ Olúrónbí wà níbẹ̀, orúkọ Ìrókò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ kò lórúkọ. Òun àti àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò gbọdọ̀ kọ orúkọ náà síbí, wọ́n ní àṣírí ni. Òǹkọ̀wé tí ó ṣàkójọ àlọ́ náà kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn baba wa gbòòrò ju ẹ̀kọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ lọ, ìyẹn ni mo ṣe ń pa ojú ewé ẹ̀kọ́ dé kí àwọn ọmọ lè sọ tiwọn.

Nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé tí ń jẹ́ Atinuke ni ó mọ bí a ti í fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ jù. Ọmọ Nàìjíríà ni, Wales ni ó fi ṣe ibùgbé. Nínú àwọn ìwé rẹ̀, ti àbúrò nínú àwọn ọmọ mi ni Baby Goes to Market, tí ó jáde ní ọdún 2017, tí Angela Brooksbank ya àwòrán rẹ̀. Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà, àwọn ọlọ́jà sì ń fún ọmọ náà ní nǹkan láìjẹ́ pé ìyá mọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà, ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú agbọ̀n tí ìyá rù, ọsàn márùn-ún, ó jẹ ọ̀kan, ó kan ṣinṣín, ó kan àgbàdo, ó kan àgbọn. Yorùbá ni mo fi ń kà á fún un. Ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn ni pé òun mọ ohun tí ìyá inú ìwé kò mọ̀, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìyá náà bá ń káàánú pé ọmọ òun kò tí ì fi nǹkan kan kan ẹnu, àbúrò yóò máa kígbe pé irọ́ ni.

Ti ẹ̀gbọ́n ni ọ̀wọ́ ìwé Anna Hibiscus, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí Anna, ọmọ ilé ńlá, ká ọsàn inú ọgbà wọn, tí ó sì jókòó tà á sí ẹnu géètì níbi tí àwọn ọmọbìnrin mìíràn ti ń ta tiwọn. Tirẹ̀ tà, tiwọn kò tà, bẹ́ẹ̀ owó oúnjẹ ilé ni àwọn ń wá. Bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó ṣe, ó sì jáde lọ́jọ́ kejì láti bá wọn ṣiṣẹ́. Ìtàn tí ó dára gan-an ni lójú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba pẹ̀lú omi inú ọ̀rá lórí kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní nígbà tí Anna bá padà wọlé, ta ni yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́? Bàbá wọn àti èmi wo ara wa. A ti ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti ìgbà náà, pàápàá bí a bá wà nínú ọkọ̀.

Ohun tí mo wá bèèrè lọ́wọ́ yín ni ìwé aláwòrán ní èdè Yorùbá, tí ó ní àmì ohùn, tí orin inú rẹ̀ pé, tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ sì ń ṣe nǹkan kan yàtọ̀ sí pé kí ó máa túúbá. Bí ẹ bá mọ èyíkéyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí àti ibi tí ẹ ti rà á. Bí ó bá wà ní Yaba tàbí Ìkẹjà, inú mi yóò dùn jù, nítorí n kì í fẹ́ tún kọjá afárá yẹn lọ́jọ́ Sátidé.