Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ sọ fún ará ilé yín pé "mi ò lè ṣe é"?

Ọmọ Aláró: Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó lè sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣe onídùúró fún owó tí wọ́n fẹ́ yá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é." Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹ sọ tiyín.

Télọ̀ Mókọ́lá: Aṣọ ni tèmi. Tí ìnáwó bá ti bọ́ sínú ẹbí, ọ̀dọ̀ mi laṣọ ẹbí ń wọlé sí. Àbúrò ìyá mi kó léèsì mọ́kànlá wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Sátidé lòde. "Ọmọ wa ló ń rán an, ta ló ń gbowó lọ́wọ́ ìyá ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èrè mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n san ìlàjì owó iṣẹ́ kí n tó gé e. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ká léèsì náà padà sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ìbejì: Ẹ béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó pọ̀n yín? Kò dáa o.

Abíkẹ́ Òkè Òkun: Bàbá, irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa wá. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní ìlú ọba, lóru. Ní oṣù kẹrin 2024, pọ́n-ùn 11.44 ni owó wákàtí kan tó kéré jù. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí náírà nílé, wọn ò ní yọ owó ilé, wọn ò ní yọ owó orí. Náírà já wálẹ̀ ní 2023, wọ́n ní èmi lówó sí i! Mo wá ní iye kan ni màá máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, ọwọ́ màámi ló ń lọ, kí oníkálukú lọ bá wọn níbẹ̀.

Akin: Ṣé màmá yín ló wá ń bá wọn fà á báyìí?

Abíkẹ́ Òkè Òkun: Àwọn ni. Ó ń dùn mí.

Olùkọ́: Onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrá kí wọ́n tó fi kólẹ̀.

Bàbá Ìbejì: "Ká tó bá a fi kólẹ̀" là ń wí níbi tiwa. Ẹ tún jẹ́ ká sọ tàwọn télọ̀. Aṣọ mi wà lọ́wọ́ ọ̀kan láti oṣù kejì, mo sì ti sanwó tán!

Dúpẹ́: Haa! Tèmi náà!

Télọ̀ Mókọ́lá: Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi. Aṣọ ọ̀fẹ́ ẹbí ló máa ń ti tẹni tó sanwó sẹ́yìn. Mo ti já oníbàárà kulẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, nítorí mi ò lè dá àǹtí lóhùn. Omijé ojú ọmọ yẹn ni mo rántí tí mo fi kúnlẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá rán tàǹtí nìkan lọ́fẹ̀ẹ́.

Télọ̀ Mókọ́lá: Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi tiwọn sílẹ̀. Òru Ọjọ́bọ̀ ni mo fi rán an. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n jó, wọn ò wojú mi.

Ọmọ Aláró: Títí di òní?

Télọ̀ Mókọ́lá: Wọ́n pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní èló ni mò ń rán bùbá àti ìró báyìí.