Báwo lẹ ṣe ń rí orin rọ́ọ̀kì lo-fi tuntun?

EtíKásẹ́ẹ̀tì
Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará. Orin rọ́ọ̀kì indie tó jẹ́ lo-fi ni mò ń wá, ìyẹn èyí tí wọ́n fi irinṣẹ́ kékeré gbà sílẹ̀ nínú yàrá: gìtá tó ń ha, ohùn tó dà bíi pé ẹ̀yìn ògiri ló ti ń wá, irú èyí tí ẹgbẹ́ Guided by Voices àti Sebadoh ṣe láyé kásẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá tẹ "lo-fi" sínú Spotify, ìlù híp-họ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kàwé ló máa ń kó wá. Tó bá sì fún mi ní rọ́ọ̀kì, àwọn tí mo ti mọ̀ látijọ́ náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn to orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún mi. Ọ̀nà tí n ó máa tọ̀ fúnra mi ni mo fẹ́ mọ̀.

ÀwoLẹ́sẹẹsẹ
Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta àwo wọn, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ sì fi tag wá a, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ tí wọ́n kọ sára àwo. "Lo-fi" nìkan ti fẹ̀ jù. Ẹ lo "slacker rock", "noise pop", "jangle pop", "home recording" tàbí "4-track", ìyẹn ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó ní ojú ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ẹni tó bá kọ ọ́ sára àwo rẹ̀ ń sọ irinṣẹ́ tó fi ṣiṣẹ́ fún yín. Orúkọ ìlú náà máa ń jẹ́ tag: ẹ fi "dunedin", "olympia" tàbí "glasgow" wò ó. Kẹ́ ẹ sì to èsì rẹ̀ kí àwọn tuntun ṣíwájú. Tó bá jẹ́ èyí tó ń tà jù ló wà lókè, àwọn àwo kan náà lẹ ó máa bá níbẹ̀ lóṣooṣù.

Àmọ́ ibi tí ìṣúra wà gan-an ni àwọn àwòrán kéékèèké tó wà lójú ewé àwo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn tó ti rà á. Ẹ tẹ àwòrán kan, gbogbo ohun tí ẹni náà ti rà ni yóò jáde. Ẹ wá ẹni tó ní àwo méjì tàbí mẹ́ta mìíràn tẹ́ ẹ fẹ́ràn, kẹ́ ẹ sì máa tẹ̀ lé e níbẹ̀. Owó ló fi ra àwọn àwo yẹn, kì í ṣe pé ó kàn gbọ́ wọn fìrí. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ látorí àwo tó lókìkí: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti rà á, àwọn tó rà á ò sì jọ ara wọn rárá. Àwo tí èèyàn ọgbọ̀n tàbí ogójì péré rà ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Àgbọ́túngbọ́
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó gbé àwo jáde lèmi máa ń wò ṣáájú. Flying Nun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Christchurch, New Zealand, lọ́dún 1981, lo ẹ̀rọ 4-track olórin kan, Chris Knox, fún díẹ̀ lára àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo Slumberland àti K Records ti Olympia. Ẹ ṣí ojú ewé ilé iṣẹ́ náà lórí Discogs, ìkànnì tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwo orin, ẹ tò ó bí ọdún ṣe tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ bọ̀ láti òkè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ Sebadoh, ẹ tẹ orúkọ Lou Barlow, ọ̀kan lára ọmọ ẹgbẹ́ náà, níbẹ̀: Dinosaur Jr. á jáde, The Folk Implosion á jáde, Sentridoh náà á jáde. Bẹ́ẹ̀ làwọn olórin yìí ṣe rí, èèyàn kan lè wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra fún ajórúkọ o. Discogs máa ń fi nọ́ńbà sẹ́yìn orúkọ láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n lórí Spotify, àwo ẹgbẹ́ méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà lè dà pọ̀ sójú ewé kan.

Rédíò náà ńkọ́? WFMU ní New Jersey àti KEXP ní Seattle máa ń kọ orin tí wọ́n lò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ẹgbẹ́ kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn nínú àkọsílẹ̀ WFMU, ẹ wo atọ́kùn tó lò ó, kẹ́ ẹ sì gbọ́ odindi ètò náà.

EtíKásẹ́ẹ̀tì
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé kí n kúkú pa Spotify tì?

ÀwoLẹ́sẹẹsẹ
Ẹ má pa á tì. Lára ohun tó máa ń wò ni àwọn orin táwọn èèyàn ń kó pọ̀ sínú àkójọ kan náà, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tuntun tí ò tíì sí nínú àkójọ ẹnikẹ́ni kì í fi í yọjú. Ẹ ṣí ojú ewé ẹgbẹ́ kan, ẹ wo "Fans also like", ẹ mú èyí tí olùgbọ́ rẹ̀ lóṣù kéré jù, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ewé tuntun yẹn. Tó bá di ìgbà kẹta, ẹ ti kúrò lágbègbè tẹ́ ẹ mọ̀. Tí ọmọdé bá sì fẹ́ fi fóònù yín gbọ́ orin, ẹ tan "Private session" kó má baà da ìdámọ̀ràn yín rú.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí àwo olórin Cindy Lee ti 2024 jáde, kò sí lórí Spotify. YouTube àti ojú ewé kan lórí Geocities ni wọ́n gbé e sí.

OlóhùnAbẹ́lé
Ẹ jẹ́ kí n fi ti etí kún un. Lórí ẹ̀rọ 4-track, tí ojú ọ̀nà mẹ́rin bá kún, wọ́n á pa mẹ́ta pọ̀ sórí ìkẹrin kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ariwo "ṣíì" ń pọ̀ sí i, tí ohùn tó mú ṣáṣá sì ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ìlù tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ fi máa ń dún bíi pé aṣọ bò ó, tí ohùn tó wọlé kẹ́yìn sì mọ́ jù ú lọ. Tí gbogbo rẹ̀ bá ṣú dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló fi ariwo náà kún un.

Ariwo yẹn máa ń ṣòro fún fáìlì kékeré láti gbé. Tí bitrate, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí fáìlì ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bá kéré, "ṣíì" á máa dún bí omi tó ń yí po, ẹ ó sì máa rò pé ẹgbẹ́ náà ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ gbé ètò ohùn áàpù yín sí èyí tó ga jù kẹ́ ẹ tó pinnu pé orin kan ò dáa. Tẹ́ ẹ bá sì rà á lórí Bandcamp, FLAC, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kúrò nínú ohùn, ni kẹ́ ẹ gbà sílẹ̀.