Iṣẹ́ ńlá fẹ́ wọ ìlú: ta la ó bá sọ̀rọ̀, kí la ó kọ sílẹ̀?

Ọmọ Bùnú, Manchester: Òkun gbogbo ilé o, mo kí i yín. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ fọ́ òkúta lágbègbè wa ní ìpínlẹ̀ Kogí. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa to orúkọ gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn. Mo ti kọ Ọba, kánsẹ́lọ̀ àti alága ìbílẹ̀. Ṣé ó tó?

Ọmọ Ìsánlú, Lọ́ńdọ̀nù: Kò tó, àbúrò. Àwọn aláṣẹ lo kọ. Àwọn tó lè dí ọ̀nà ò sí níbẹ̀. Ọba lè gba iléeṣẹ́ láyè, ṣùgbọ́n ìdílé ló nilẹ̀. Bí olórí ìdílé bá buwọ́ lùwé tí àwọn ẹ̀ka yòókù ò mọ̀, kóòtù ló máa gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kọ àwọn Ẹ̀bìrà àti Tífì tó yá ilẹ̀ dáko pẹ̀lú: ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, àmọ́ tiwọn ni iṣu tí katapílà máa wó. Kọ àwọn Fúlàní tó ń gba ibẹ̀ da màlúù lọ sódò, àti àwọn obìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀. (Ẹ má pèpàdé lọ́jọ́ ọjà, ẹ ò ní rí obìnrin kankan.)

Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tó máa pàdánù, ohun tó lè dá dúró, ẹni tó máa ń gbọ́ tiẹ̀, àti ẹnì kan ṣoṣo nínú iléeṣẹ́ tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá ń lọ sílé kan náà, ìlérí mẹ́ta tí kò bára mu ni wọ́n máa ṣe.

Ọmọ Kàbbà, Toronto: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ ìlérí gan-an ló ń da iṣẹ́ rú. “A ó wò ó” tí ẹnjiníà sọ, “a ó ṣe é” ni ìlú gbọ́. Ẹ ṣí ìwé ìlérí: ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, fọ́tò ẹ̀rí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún iṣẹ́ rélùwéè HS2 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí agbaṣẹ́ṣe tó dé lẹ́yìn má baà ní òun ò gbọ́.

Òfin tún wà lẹ́yìn ìlú. Òfin ohun àlùmọ́nì ti 2007, abala 116, ní kí iléeṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin náà ní kí wọ́n máa tún àdéhùn náà wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún.

Ní ti owó irè oko tí iléeṣẹ́ máa san fún olóko, ẹ kéde ọjọ́ tí kíka irè náà máa parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà. Ohun tí wọ́n bá gbìn lẹ́yìn rẹ̀ ò wọlé. Kí olóko dúró sínú fọ́tò oko rẹ̀. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n á kà á lóṣù kejì, owó ò ní dé, olóko á sì bẹ̀rù láti gbin iṣu, òjò á kọjá. Bí owó bá pẹ́ tó àsìkò oko kan, ẹ tún un kà.

Ọmọ Bùnú: Ẹ ṣé gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ọmọ Ìsánlú: Kí iléeṣẹ́ sọ iye èèyàn àti iye oṣù. Ìgbà ìkọ́lé ni wọ́n ń gba lébìrà púpọ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti ń fọ́ òkúta, ìwọ̀nba oníṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Bí ìlú ò bá mọ èyí ṣáájú, ọjọ́ tí wọ́n bá dá lébìrà dúró ni àwọn ọ̀dọ́ máa gbé igi dí títì. Kí kíkọ́ wẹ́dà àti wíwa katapílà ti bẹ̀rẹ̀ kí ìkọ́lé tó parí.