Ṣé oògùn kòkòrò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú?

Ìyàwó Àgbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ káàárọ̀ o. Oyún mi ti wọ oṣù kẹrin, ọkọ mi ń fín oògùn kòkòrò sóko ẹ̀wà wa, tó bá ti dé, inú báàfù mi ló ń bọ́ aṣọ oko sí, èmi ni mo sì ń fọwọ́ fọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi ní ibi ọmọ ò ní jẹ́ kó kọjá. Ṣé lóòótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Tákíẹ́: Ibi ń dá nǹkan kan dúró lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Tẹ́ẹ bá fà á símú àbí ó gba awọ ara wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ yín ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti lè gba ibi dé ara ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ inú ò sì tíì lágbára láti palẹ̀ májèlé mọ́ bíi tàgbà. Wọ́n ti rí chlorpyrifos, oògùn kòkòrò kan, nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àwọn ọmọ tuntun ní New York, nígbà tí wọ́n pé ọdún 7, ọpọlọ àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ò já fáfá tó tẹgbẹ́ wọn. NAFDAC ti fòfin de oògùn yìí ní 2024.

Bàbá Kajú: Ẹ má já ọmọ yìí láyà jù jàre, ọ̀pọ̀ ló fọ̀ ọ́ tí wọ́n bí layọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ ẹ fọ aṣọ ẹ̀ fúnra ẹ̀, ṣé ọwọ́ ẹ̀ gé ni? Kó bọ́ ọ síta, kó wẹ̀ kó tó wọlé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀wà ọjà ńkọ́, táwọn kan ń da DDVP, oògùn kòkòrò, sí? Ìyẹn gan-an lẹ̀rù ń bà mí.

Ìyàwó Àgbẹ̀: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti yọ báàfù fún un.